Ìdùnnú Tọ́wọ́ Lè Tó: Bí A Ṣe Ń Wá A, àti Bí A Ṣe Ń Yẹ Ìmọ̀ràn Wò Kí A Tó Tẹ̀ Lé E

Kí ènìyàn tó fọ ẹnu láàárọ̀, ìmọ̀ràn mẹ́ta ti dé sórí fóònù rẹ̀. Ọ̀kan ní kó máa jí ní aago mẹ́rin ìdájí bó bá fẹ́ kí ayé òun dára. Èkejì ní kó dúró níwájú dígí, kó máa sọ fún ara rẹ̀ pé olówó ni òun. Ẹ̀kẹta ní kó yẹra fún gbogbo ẹni tí kò bá gbé ọkàn rẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí i lè wà nínú wọn. Gbogbo wọn ló dùn-ún gbọ́. Òmíràn nínú wọn wúlò lóòótọ́, òmíràn kò ṣe rere kò ṣe búburú, òmíràn sì ń dá kún ìnira ẹni tó ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn ni mo kọ èyí fún, ẹni tó fẹ́ kí inú òun túbọ̀ máa dùn láìtan ara rẹ̀ jẹ. Ìwé kékeré kan, bírò kan, àti nǹkan bí oṣù kan àbọ̀ ni ẹ ó nílò. Kò sí ohun tí ẹ máa rà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ sọ irú ìdùnnú tí ẹ ń wá

Ní 2003, ìròyìn kan tàn káàkiri ayé pé nínú orílẹ̀-èdè tó lé ní 65 tí wọ́n ti ṣèwádìí, Nàìjíríà ni àwọn tó sọ pé inú àwọn ń dùn ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ wa ló fi yangàn. Àmọ́ nínú Ìròyìn Ìdùnnú Àgbáyé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2012, Finland ló ti ń gba ipò kìíní láti 2018, Nàìjíríà sì wà lẹ́yìn réré. Ṣé ìdùnnú wa ló ti sọ nù ni? Rárá o. Ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ènìyàn ni kò rí bákan náà. Ti àkọ́kọ́ bi wọ́n bóyá inú wọn ń dùn. Ti èkejì ní kí wọ́n fojú inú wo àkàbà kan tí ipele rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, kí 10 jẹ́ ayé tó dára jù lọ tí wọ́n lè ní, kí wọ́n wá sọ ipele tí wọ́n dúró sí. Ènìyàn lè jó títí ilẹ̀ á fi ṣú níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, kó sì mọ̀ lọ́jọ́ Ajé pé ipele kẹrin lòun ṣì wà. Kò parọ́ lọ́jọ́ méjèèjì.

Ohun méjì ló wà níbẹ̀ nígbà náà: bí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí lára wa, àti bí a ṣe rí ayé wa lápapọ̀ nígbà tí a bá dúró wò ó. Ohun tó ń gbé ọ̀kan sókè lè má gbé èkejì. Abiyamọ tó ń tọ́ ìkókó kì í rí oorun sùn, ojoojúmọ́ ló ń rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ bí ẹ bá bi í nípa ayé rẹ̀, ó lè fún yín ní 8 láìronú. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń gbádùn, àmọ́ tó bá ku òun nìkan lóru, kò mọ ibi tí òun ń lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà méjì sí ojú ewé àkọ́kọ́: òní rí báyìí, láti 0 sí 10, ayé mi rí báyìí, láti 0 sí 10. Èyí tó kéré jù nínú méjèèjì ni ẹ máa kọ́kọ́ bójú tó.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kí inú yín máa dùn nígbà gbogbo. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú yẹ kó sunkún, ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yẹ kó bínú, kò sì sí ìmọ̀ràn tó yẹ kó gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó wà ní 4 lónìí, tó dé 5 àbọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iṣẹ́ ńlá ló ṣe, mo sì fẹ́ kó kà á sí iṣẹ́ ńlá.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kọ ọjọ́ yín sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì

Bí ọjọ́ ṣe rí kọ́ ni a ṣe ń rántí rẹ̀. Ìjà ìṣẹ́jú márùn-ún nírọ̀lẹ́ lè bo gbogbo ohun tó dára láti àárọ̀ mọ́lẹ̀. Daniel Kahneman, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ èyí. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n ní kí obìnrin òṣìṣẹ́ 909 ní Texas pín ọjọ́ àná wọn sí abala-abala, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe ní abala kọ̀ọ̀kan, ẹni tí wọ́n wà pẹ̀lú rẹ̀, àti bó ṣe rí lára wọn. Ìrìn àjò lọ síbi iṣẹ́ wà lára ohun tó ni wọ́n lára jù. Wíwà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wà lára èyí tó tù wọ́n lára jù. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó lójoojúmọ́ mọ ìtumọ̀ abala àkọ́kọ́ yẹn dáadáa.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é rèé. Lálaalẹ́, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí àpẹẹrẹ: aago 5 sí 8 àárọ̀, inú dáńfó, èmi nìkan, 2. Aago 1 ọ̀sán, oúnjẹ pẹ̀lú ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́, 7. Aago 9 alẹ́ sí 12, fóònù, èmi nìkan, 3. Ẹ má ṣe kọ ìtàn gígùn, torí bó bá gùn, ẹ ò ní lè ṣe é tayọ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ sùn mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi àmì sí àwọn tó ga jù àti àwọn tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ wo ohun tó ń padà wá. Ó lè jẹ́ ẹnì kan báyìí. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ọjọ́ tí nọ́ńbà wọn burú, oorun wákàtí mẹ́rin ló ṣáájú wọn. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ rò pé ẹ kórìíra kọ́ ni wàhálà yín, ọ̀gá tí ẹ ń ṣe é lábẹ́ rẹ̀ ni. Mo dúró lórí ìgbésẹ̀ yìí torí pé ẹni tí kò bá ṣe é yóò máa gba oògùn àìsàn ẹlòmíràn lò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ya ọ̀rọ̀ àpò àti ọ̀rọ̀ ara sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ọkàn

Owó ilé tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, gbèsè ọlọ́jà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, oorun tí kò tó: ìwọ̀nyí ń ba inú jẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìwúrí tó ń wò wọ́n sàn. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ọ̀kan nínú wọn ló wà nídìí rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ẹ lọ bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ dá àjọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa owó, nítorí pé irọ́ méjì ni wọ́n ń pa nípa rẹ̀. Ìkíní ni pé owó ni gbogbo rẹ̀. Èkejì, tó jẹ́ pé àwọn tó ní in ló máa ń sọ ọ́ jù, ni pé owó kò ṣe nǹkan kan. Láti 1978 ni wọ́n ti ń tọ́ka sí ìwádìí kan lórí àwọn tó jẹ lọ́tìrì ní Illinois, tó ní inú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ènìyàn 22 péré ló jẹ lọ́tìrì nínú ìwádìí náà. Nígbà tí àwọn mìíràn wá yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó lé ní 3,000 tó ta lọ́tìrì ní Sweden wò, tí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2020, ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó jẹ owó ńlá ní ìtẹ́lọ́rùn sí i nínú ayé wọn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ kọjá ọdún mẹ́wàá. Inú dídùn ojoojúmọ́ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Èyí kì í ṣe ìdí láti lọ ta tẹ́tẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó ń wá owó ilé kò ya oníwọra, ẹni tó bá sì ní kó kọ́kọ́ lọ ṣiṣẹ́ lórí ọkàn rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yẹ ìmọ̀ràn náà wò

Ẹ bi ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ní àwọn ìbéèrè yìí, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ni ó ní kí n ṣe gan-an? "Fẹ́ràn ara rẹ" kì í ṣe ohun ṣíṣe. "Rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀" jẹ́ ohun ṣíṣe, torí pé lálẹ́ Sátidé ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é. Ìmọ̀ràn tí ẹ kò bá lè sọ ọ́ di ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń ṣe, ẹ jẹ́ kó lọ.

Níbo ni àwọn tí kò ṣiṣẹ́ fún wà? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹ rántí MMM, ètò sogúndogójì ọjọ́sí. Ní 2016, wọ́n ṣèlérí èlé 30 nínú 100 lóṣù, ẹ̀rí àwọn tó ti gbowó sì kún WhatsApp àti inú ilé ìjọsìn. Àwọn tó ń jẹ́rìí kò purọ́; wọ́n gbowó lóòótọ́. Nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ owó àwọn yòókù. Ẹ̀rí lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tó ń jẹ́rìí sí má sì jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ̀ràn: ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ tẹ̀ lé ohun tó wù ú, tó sì là, òun ni wọ́n ń pè wá sórí pèpéle. Àwọn mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí wọ́n padà sílé òbí wọn, kò sẹ́ni tó gbé gbohùngbohùn fún wọn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń wo àwòrán àwọn ẹlòmíràn lórí fóònù, tí a ń rò pé àwa nìkan ni nǹkan kò dán mọ́rán fún. Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀bi ta ni? Bí olùdámọ̀ràn bá ti ní èsì sílẹ̀ pé ìgbàgbọ́ yín ni kò tó, tàbí pé ẹ gba èrò búburú láyè, ẹ kúrò níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí kò sí ọ̀nà tó fi lè kùnà kò lè kọ́ yín ní nǹkan kan, ó sì ń fi ẹ̀bi dí ẹrù ẹni tó ń jìyà. Mo kórìíra èyí ju gbogbo àléébù ìmọ̀ràn yòókù lọ.

Ta ni wọ́n dán an wò lára, ṣé wọ́n sì tún un dán wò? Ní 2010, ìwádìí kan lórí ènìyàn 42 ní ẹni tó bá dúró bí alágbára fún ìṣẹ́jú méjì, ìgboyà rẹ̀ á pọ̀ sí i, omi ara rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní họ́mọ̀nù pàápàá á yí padà. Ọ̀rọ̀ náà gba ayé kan. Ní 2015, àwọn mìíràn tún un ṣe pẹ̀lú ènìyàn 200, wọn kò rí ìyípadà omi ara kankan. Ní 2016, Dana Carney, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí ìwádìí àkọ́kọ́, kọ ọ́ ní gbangba pé òun kò gbà mọ́ pé nǹkan náà wà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ fọkàn tán ẹni tó lè sọ pé ohun tí òun sọ tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Òmíràn kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹ ó ti gbọ́ pé ní 1953, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale tó kọ àfojúsùn wọn sílẹ̀ jẹ́ 3 nínú 100, pé lẹ́yìn ogún ọdún, owó wọn ju ti àwọn 97 yòókù lọ lápapọ̀. Yale wá ìwádìí náà nínú àkójọ rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń sọ ọ́ níbi ìpàdé ìwúrí.

Ta ló ń jẹ nínú rẹ̀? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ènìyàn gbowó iṣẹ́. Àmọ́ bí ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ bá parí síbi tí ẹ ti ní láti ra ìpele kejì, tí ìpele kejì sì ń mú yín lọ sí ìkẹta, ọjà ni.

Bí irọ́ bá ni, kí ni màá pàdánù? Rírìn kiri àdúgbò fún oṣù kan kò lè ba ayé yín jẹ́. Ìmọ̀ràn tó ní kí ẹ dá oògùn dókítà dúró, kí ẹ kọ ẹbí yín sílẹ̀, kí ẹ yá owó, tàbí kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Mo fẹ́ fi ìmọ̀ràn kan tó gbajúmọ̀ láàárín wa dán àwọn ìbéèrè wọ̀nyí wò: kí ènìyàn máa sọ ohun rere nípa ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 2009, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ní kí àwọn kan máa tún un sọ fún ara wọn pé ẹni tó ṣeé fẹ́ràn ni àwọn. Àwọn tó ti ka ara wọn sí tẹ́lẹ̀, ó ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn tí kò ka ara wọn sí, àwọn gan-an tí ìmọ̀ràn náà wà fún, inú wọn bàjẹ́ ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sọ ọ́ rárá. Bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ ni ọkàn ń jiyàn. Gabriele Oettingen náà rí ohun tó jọ ọ́ ní Jámánì: nínú àwọn tó ń jáde ní yunifásítì, àwọn tó ń fojú inú wo ara wọn lórí iṣẹ́ aládùn jù lọ, nígbà tó di ọdún méjì, àwọn ló rí iṣẹ́ tó kéré jù, owó oṣù wọn sì kéré. Ìwé ìwáṣẹ́ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò tó ti àwọn yòókù.

Ẹnì kan á ní, oríkì wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ rere ni wọ́n fi ń gbé wa sókè láàárọ̀? Ẹ wo bí oríkì ṣe rí. Ẹlòmíràn ló ń kì wá, ẹni tó fẹ́ràn wa. Ohun tó sì ń kà sílẹ̀ ni ibi tí a ti wá àti ohun tí àwọn tó bí wa ti ṣe kọjá. Kò ní kí a pe ohun tí kò sí ní ohun tó wà. Bẹ́ẹ̀ ni àdúrà: ẹni tó ń tọrọ gbà pé òun kò tíì ní. Ìwádìí Wood kò bá méjèèjì jà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ dígí kò bá ràn lọ́wọ́, kó pe ìyá rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, kó ní kí wọ́n ki òun.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ mú ẹyọ kan nínú àwọn tó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀

Wọn kò pọ̀. Ní 2023, Dunigan Folk àti Elizabeth Dunn yẹ àwọn ìwádìí lórí ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n máa ń dámọ̀ràn jù wò, wọ́n sì rí i pé àwọn èyí tí wọ́n ṣe dáadáa, tí ènìyàn inú wọn pọ̀ tó, kéré gan-an. Nítorí náà ẹ gba ohun tí mo fẹ́ kà yìí gẹ́gẹ́ bí èyí tó tó dán wò. Mi ò ṣèlérí.

Àwọn ènìyàn ni mo fi ṣáájú. Láti 1938 ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé ìgbésí ayé àwọn ọkùnrin 724 ní Harvard, àwọn kan láti yunifásítì náà, àwọn kan láti àdúgbò tálákà ní Boston, ìwádìí náà sì ti kan àwọn ọmọ wọn báyìí. Robert Waldinger tó ń darí rẹ̀ ti sọ ọ́ léraléra pé àjọṣe tó dán mọ́rán ló hàn jù nínú ayé àwọn tí ara wọn le, tí inú wọn sì dùn lọ́jọ́ ogbó. Bí ìwé yín bá fi hàn pé ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wà ní abala tó burú jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ yan ẹnì kan, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ máa lọ kí i. Àwọn ará wa tó wà ní London tàbí Houston, tí iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbí: ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ẹ máa ń sá fún lè ṣe yín lóore ju ohun tí ẹ ń gbọ́ lórí fóònù lọ.

Fífúnni ń mú inú dùn, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní 2008, Dunn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vancouver fún àwọn ènìyàn ní dọ́là 5 tàbí 20 láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, inú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ná an fún ẹlòmíràn dùn ju ti àwọn tó ná an fún ara wọn lọ, ì báà jẹ́ 5 ì báà jẹ́ 20. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wọn. Ẹni tó ń san owó ilé ìwé àbúrò mẹ́ta, tí fóònù rẹ̀ ń dún ní gbogbo ìparí oṣù, fífúnni kọ́ ni àìsàn rẹ̀. Ìmọ̀ràn tirẹ̀ ni kó jókòó pẹ̀lú ẹbí, kó sọ iye tí agbára òun ká lóṣù, kó sì dúró lórí rẹ̀. Ohun tí a fi ìfẹ́ inú wa ṣe ló ń dùn mọ́ni.

Mímú ara ṣiṣẹ́, bí rírìn kíákíá, ní ẹ̀rí tó dára, pàápàá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Kíkọ ohun mẹ́ta tó dára sílẹ̀ lálẹ́ ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀. Bó bá sú yín, ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ tó ni pé kí a má dúró de ìgbà tí ara bá yá wa. Ẹni tó rẹ̀wẹ̀sì máa ń sọ pé bí inú òun bá dùn, òun á padà sínú ẹgbẹ́ akọrin, òun á tún ilé ṣe, òun á lọ sọ́jà. Ẹ yí i padà: ẹ lọ, kí inú wá bá yín níbẹ̀. Ìtọ́jú kan wà tí wọ́n gbé karí èyí, níbi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn ṣètò ohun kékeré tí yóò ṣe lójoojúmọ́ yálà ó wù ú tàbí kò wù ú. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára ènìyàn 440 tó ní ìsoríkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2016, kò rẹ̀yìn sí ìtọ́jú olówó gọbọi tí àwọn ògbóǹtarìgì ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ẹyọ kan ni o. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rírìn, àwẹ̀, jíjí ìdájí àti ìwé kíkà lọ́sẹ̀ kan náà, bó bá ṣiṣẹ́ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é, bó bá kùnà ẹ ó pa gbogbo rẹ̀ tì.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tó máa dí yín lọ́wọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ máa ṣe sí i: "Bí òjò bá rọ̀ nígbà tó yẹ kí n rìn, màá máa gun àtẹ̀gùn ilé fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." "Bí wọ́n bá mú iná lọ tí mi ò lè sùn, mi ò ní tan fóònù." Oettingen tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan gbé ọ̀nà tirẹ̀ karí èyí: kí ènìyàn ro ohun tó fẹ́, kó wá dojú kọ ohun tó wà lọ́nà gan-an.

Wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ 21 ni àṣà tuntun fi ń mọ́ni lára. Ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ abẹ kan ní Amẹ́ríkà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1960, ó kíyè sí i pé ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ló ń gba àwọn tó tún ojú wọn ṣe kí ojú tuntun náà tó mọ́ wọn lára. Nígbà tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀ lé ènìyàn 96, ọjọ́ 66 ni wọ́n rí fún ẹni tó wà láàárín. Ó yá àwọn kan, ọjọ́ 18 ti tó. Fún àwọn mìíràn wọ́n ṣírò rẹ̀ dé 254. Wọ́n tún rí i pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́. Ẹni tó bá fò ó lónìí, kó ṣe é lọ́la. Kò sí ìdí láti máa bá ara rẹ̀ wí.

Lópin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ tún kọ nọ́ńbà méjèèjì ojú ewé àkọ́kọ́. Bí ọ̀kan bá gòkè, ẹ tẹ̀ síwájú. Bí kò bá yí padà, ẹ fi ìmọ̀ràn náà sílẹ̀ láìsí ẹ̀bi, kí ẹ mú òmíràn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ jókòó ti ẹlòmíràn

Àwọn ohun kan wà tí ènìyàn kò lè dá rò yọrí. Ní Zimbabwe, àwọn dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan. Ní 2006, ọ̀kan nínú wọn, Dixon Chibanda, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Harare bí wọ́n ṣe máa gbọ́ tẹnu ẹni tí ìrònú ti pọ̀ jù fún, lórí bẹ́ńṣì onígi lẹ́bàá ilé ìwòsàn àdúgbò. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 573. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú àwọn tó jókòó ti àwọn ìyá náà, nǹkan bí 14 nínú 100 ló ṣì ní àmì ìsoríkọ́. Nínú àwọn tó gba ìtọ́jú tó ti wà tẹ́lẹ̀, 50 nínú 100 ni. Èsì náà jáde ní 2016. Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú ìtàn wa: ní 1954 ni dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò Aró nítòsí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ oko pẹ̀lú wọn.

Ohun tí àwọn ìyá Harare ń ṣe kò le, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú àǹtí yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí àgbà tí ẹ fọkàn tán. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìdá a lẹ́nu dúró. Ẹ jọ ka ìṣòro náà níkọ̀ọ̀kan. Kí òun fúnra rẹ̀ mú ẹyọ kan tó ṣeé ṣe nǹkan sí. Kó dárúkọ ọ̀nà bíi mélòó kan, kó yan ọ̀kan, kó sọ ọjọ́ tí yóò ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó padà wá sọ bó ṣe lọ. Àgbà tó bá ń gbọ́ má ṣe fò sórí ìwàásù. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ọkàn bá wúwo lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ènìyàn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, tí oorun tàbí oúnjẹ ti yí padà, tí kò lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ọmọ, ilé ìwòsàn ló kàn. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aró, Yábàá àti UCH Ìbàdàn ní àwọn dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ má sọ fún dókítà pé ara ló ń ro yín nìkan. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò sùn, pé inú yín ti bàjẹ́ láti ìgbà báyìí, pé ẹ ti ronú nípa ikú bó bá jẹ́ pé ẹ ti ronú nípa rẹ̀. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà lè pe 988 nígbàkigbà. Ní Britain, 116 123.

Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ ń ṣàníyàn nípa rẹ̀, ẹ bi í ní gbangba bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbi í kò ní kó èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má bú u, ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó oògùn kòkòrò àti oògùn mìíràn kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ jọ wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì dúró tì í títí dókítà á fi rí i.